Àṣìtò Inú Fọ́ọ̀mù Ìjàǹbá Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fo àìmọ̀ọ́kọ mi. Kíláàsì márùn-ún péré ni mo kà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni mo ń tò. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jókòó láti to tèmi gùn tó báyìí. Bí gbólóhùn kan bá gùn jù, tí òmíràn sì gé kúrú bí ìrù ewúrẹ́, kì í ṣe pé mo fẹ́ rí yín fín. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde lára ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò yá.

Mo mọ̀ pé àgbàlagbà ló yẹ kó máa sọ ìtàn iṣẹ́ ayé rẹ̀. Èmi kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo kọ́ ti kú kí n tó gbó, ó sì fẹ̀yìn èmi náà tì. Àwọn ọmọbìnrin méjì kan ní ìjọ wa, tí wọ́n ń wá iṣẹ́ tí wọ́n máa kọ́, ni wọ́n bi mí pé, "Anti, báwo ni iṣẹ́ tiyín ṣe rí?" Mo rẹ́rìn-ín, mo wo ilẹ̀, n kò rí nǹkan kan sọ. Nígbà tí mo délé ni mo ronú pé n óò kọ ọ́ fún wọn.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni. Kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà tí ẹ ń rí nísinsìnyí o. Ti lẹ́tà òjé ni, níbi tí a ti ń fi ọwọ́ ṣa lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, tí a ń tò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí yóò fi di ọ̀rọ̀.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ náà kò ní ariwo. Bàbá mi kú, ìyá mi kó wa kúrò ní Ìgbẹsà wá sí Igbó-Elérin, owó ilé ìwé kò sì sí mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí. Ìyá mi mọ ọkùnrin kan tó ní ilé ìtẹ̀wé lẹ́yìn Okokomáíkò, Alága ni gbogbo wa ń pè é. Alága bi mí pé ṣé mo mọ lẹ́tà kà. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n máa bọ̀ ní ọjọ́ Ajé.

Yàrá gígùn kan ni ilé ìtẹ̀wé náà. Páànù rẹ̀ ti jẹrà, oòrùn a sì máa gba ihò rẹ̀ wọlé, a máa sọ ìmọ́lẹ̀ roboto roboto sílẹ̀ bí ẹni ń da kọ́bọ̀ sílẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń rìn, àwọn kọ́bọ̀ náà a máa rìn. Wọn a gun orí tábìlì, wọn a kọjá lórí àpótí lẹ́tà, wọn a sùn lórí bébà funfun. Òórùn yíǹkì àti kẹrosíìnì ló kún ibẹ̀. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá ṣí ìgò kẹrosíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo máa ń di ọmọ ọdún mẹ́tàlá padà fún ìṣẹ́jú kan.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Bàbá Lẹ́tà. Ará Abẹ́òkúta ni, ó ga, ó gbẹ, ó sì ní irùngbọ̀n funfun kékeré tí yíǹkì kì í kúrò lára rẹ̀. Bàbá Lẹ́tà kò na ẹnikẹ́ni rí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tó pàṣán. Oṣù mẹ́ta gbáko, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ó gbé àpótí lẹ́tà síwájú mi, ó fi gèlè ìyá mi tí mo wé wá di ojú mi, ó ní kí n máa fi ìka mọ lẹ́tà.

"Bàbá, n kò rí nǹkan kan."

"Ta ló ní kí o ríran? Ìka rẹ ló wá kọ́ṣẹ́, kì í ṣe ojú rẹ."

Gbogbo lẹ́tà òjé ló dojú kọ òdì. Ohun tó wà lápá ọ̀tún lórí bébà, apá òsì ló wà lórí òjé. A sì máa ń tò ó ní ìdojúdé. Nígbà tó yá, ọ̀nà tí ẹlòmíràn ń gbà kàwé wá di ohun àjèjì sí mi. Bí mo bá ń rìn ní Okokomáíkò, mo máa ń ka pátákó ṣọ́ọ̀bù láti ẹ̀yìn wá síwájú. Nínú oorun, mo máa ń rí gbogbo àdúgbò ní ìdojúdé, òpó iná ń rọ̀ sílẹ̀ bí okùn, àwọn èrò ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sí ilé, ara mi a sì balẹ̀ púpọ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan tí ẹ lè má mọ̀. Ọ̀dọ̀ Òyìnbó ni wọ́n ti ń ra lẹ́tà òjé, Òyìnbó kò sì mọ lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀. Ẹ, ọ, ṣ, àwọn wọ̀nyí ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa bí omi ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ tí a ní kò ju ogójì lọ. Ìwé ètò ìsìnkú àti ti ìkórè sì ni iṣẹ́ wa jù, ẹ̀yin náà mọ iye ìgbà tí Ọlọ́run máa ń wà nínú wọn. Bí a bá ti to Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan, ọ méjì ti lọ. Kí a tó dé ìsàlẹ̀ ojú ewé, àpótí á ti ṣófo. Nígbà náà ni Bàbá Lẹ́tà á pariwo láti ìdí ẹ̀rọ pé:

"Àjọkẹ́! Dín Ọlọ́run kù!"

Ohun tó ń sọ ni pé kí n fi Olúwa rọ́pò rẹ̀, nítorí Olúwa kò ní àmì nísàlẹ̀. Àwọn oníbàárà tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ a máa di orí mú. Músílíù tó ń gé bébà á sì dáhùn pé, "Ẹ fara balẹ̀, Màmá. Ọlọ́run ti pọ̀ jù ní ilé iṣẹ́ yìí ni."

Àìtó ọ yìí náà ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ tí n kò gbàgbé. Ní ọdún kejì mi, a ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú bàbá olówó kan ní Òjó. Mo to gbólóhùn tó sọ pé bàbá náà jẹ́ ọkọ rere fún àwọn ìyàwó rẹ̀. Ọ ti tán. Mo fi o lásán sí i, mo ní tí ọ bá ṣẹ́ kù ní ojú ewé kejì n óò pààrọ̀ rẹ̀. Mo gbàgbé. Nígbà tí ẹ̀rọ ti ń tẹ̀ ẹ́ ni mo rí i: bàbá náà ti di oko rere fún ìyàwó mẹ́ta. Bàbá Lẹ́tà wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn ọmọ olóògbé, àgbàlagbà ni gbogbo wọn. Ojú tì mí láti já lu ọ̀rọ̀ wọn. Ìyá mi ti kọ́ mi pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo mẹ́nu. Ẹ̀rọ ń tẹ̀ ẹ́, mo ń wò ó, oko rere, oko rere, títí igba ìwé fi pé.

Nígbà tí Bàbá Lẹ́tà rí i, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Oko rere! Wọ́n kúkú ro ó dáadáa!" Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ìgbà wo lo rí i?"

"Nígbà tí ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, sà."

"O rí i, o dákẹ́?"

Ó fa ìwé kan yọ, ó gbé e sí mi lọ́wọ́.

"Gbọ́ mi, Àjọkẹ́. Ẹni tó bá ṣèèṣì tò ó, àṣìtò ni. Ṣùgbọ́n àṣìtò tí o rí tí o kò tún, ìwọ lo mọ̀ọ́mọ̀ tò ó."

Ó fún mi ní bírò. Igba ìwé, ọ méjì nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ni mo fi fi àmì sí ìsàlẹ̀ gbogbo wọn. Mo jókòó lórí bébà tí wọ́n dì, ìmọ́lẹ̀ kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ ń kọjá lórí ẹsẹ̀ mi, mo ń sọ oko di ọkọ.

Mo kọ́ iṣẹ́ parí ní ọdún kẹta, mo gba òmìnira, Alága sì gbà mí sí iṣẹ́ olóṣooṣù. Ọ̀rọ̀ owó rẹ̀ kò gùn. Ó ń bọ́ èmi àti ìyá mi. Yunifásítì ìpínlẹ̀ ti wà ní Òjó nígbà náà, àwọn olùkọ́ ń gbé iṣẹ́ wá, ìjọ tuntun ń hù ní gbogbo kọ̀rọ̀. Àárín ọdún wọ̀nyẹn ló dùn jù fún mi. N kò nílò láti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Lẹ́tà ń bọ́ sí ọwọ́ mi, ó ń dún kín-ín, kín-ín, bí òjò tí kò tíì pinnu. Músílíù ń pè mí ní Ìyàwó Lẹ́tà. Ó ní, "Ìyàwó Lẹ́tà, ọkọ yín mà kúrú o." Mo ń rẹ́rìn-ín sínú.

Ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ̀wé, ẹsẹ̀ la fi ń wà á nígbà tí mo dé. Ó ní ẹnu. Mi ò mọ bí mo ṣe lè pè é ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò yanu, ìwọ yóò fi bébà sí i, yóò pa ẹnu dé, yóò tún yà á, ìwọ yóò yọ bébà. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ máa ń tẹ̀ lé mímí ẹni. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, yóò rẹ òun náà. Lẹ́yìn náà, Alága ra mọ́tò oníná, ó fi bẹ́líìtì so ó mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ kò mọ ẹni tó rẹ̀ mọ́.

Irin kan wà níwájú ẹnu ẹ̀rọ náà, tó máa ń dìde gbá ọwọ́ ènìyàn sẹ́yìn kí ẹnu tó pa dé. Ìyá Ọkọ ni à ń pè é, nítorí kì í jẹ́ kí ọwọ́ ẹni pẹ́ nínú ìkòkò. Ó ti tẹ̀, ó sì ń ya bébà. Nígbà tí iṣẹ́ ìkórè pọ̀, Bàbá Lẹ́tà tú u, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Ní ọ̀la n óò gbé e lọ bá wẹ́dà ní Àlàbá."

Ọ̀la di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọdún kọkànlá mi ni. Àárọ̀ ni, nǹkan bí aago mẹ́wàá, ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Mo wà nídìí ẹ̀rọ, à ń tẹ ìwé ìkórè. Iná lọ. Ẹ̀rọ rọra dúró pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ lílà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kan wá bọ́ sínú yàrá náà. Eruku ń léfòó nínú ìmọ́lẹ̀. Mo rí i pé bébà kan ti ká kò sínú, ó ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ewé. Bàbá Lẹ́tà ti kọ́ wa pé bí iná bá ti lọ, kí a pa mọ́tò kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Mo mọ̀ ọ́n. N kò lè sọ fún yín ìdí tí n kò fi ṣe é. Ó rọrùn púpọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, bíi pé kò sí ohun búburú kankan láyé. Mo na ọwọ́ ọ̀tún mi sí bébà náà.

Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni ayọ̀. Gbogbo àdúgbò ló hó yèè pé iná ti dé, àwọn ọmọdé ń pàtẹ́wọ́, rédíò ṣọ́ọ̀bù kejì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Inú ariwo ayọ̀ yẹn ni ẹ̀rọ ti pa ẹnu dé. Igbe tèmi, Músílíù ní òun rò pé mo ń bá wọn yọ̀ ni.

Ìka méjì ló lọ, ìfábẹ̀lá àti ìka àárín, èyí tó tẹ̀ lé wọn sì rọ. N kò ní sọ ju ìyẹn lọ. Ní ọsibítù, Bàbá Lẹ́tà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo ilẹ̀. Ó ń fi àtàǹpàkò ra ìka tirẹ̀ ṣáá, bíi pé ó ń ka lẹ́tà tí kò mọ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀ irin. Èmi náà kò bá a sọ ọ́.

Alága kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó san owó ọsibítù, ó gbé àpò ìrẹsì kan wá fún ìyá mi, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá." Ó rò pé ó parí síbẹ̀. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ló sọ fún un pé òfin ní kí ó fi tó ọ́físì lébọ̀ létí, pé ìjọba ní ètò fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa. Ó kọ lẹ́tà, wọ́n sì ránṣẹ́ sí mi.

Akọ̀wé tó gbà mí jókòó ní ọ́físì náà jẹ́ ọkùnrin tó ti ń hu ewú. Ohùn rẹ̀ tutù.

"Sísítà, jókòó. Báwo lọ́wọ́?"

"Ó ń san, sà."

"Kí ló fa ìjàǹbá yìí gan-an?"

Ẹ wò ó, gbogbo ìdáhùn ló sáré wá sí ètè mi lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mo bá ní irin kò sí níbẹ̀, wọ́n á bi mí pé ta ló yọ ọ́. Bàbá Lẹ́tà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ta ló máa gbà á síṣẹ́ mọ́? Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Bí mo bá sì ní èmi ni n kò pa mọ́tò, wọ́n á ní mo fi ọwọ́ ara mi fà á. Mo wo ilẹ̀. Mo sọ ohun tí gbogbo wa máa ń sọ.

"Àmúwá Ọlọ́run ni, sà."

"Àmúwá Ọlọ́run?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ó kọ ọ́. Fọ́ọ̀mù náà kọjú sí i, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń ka lẹ́tà ní ìdojúdé láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ó jókòó síwájú rẹ̀. Mo kà á. N kò gbọ́ èdè Òyìnbó púpọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n fi ń pe Ọlọ́run, mo ti tò wọ́n kọjá kíkà. Ó wà níbẹ̀, lójú ìlà tó béèrè ohun tó fa ìjàǹbá. Lẹ́nu wa, àmúwá Ọlọ́run kì í ṣe ẹjọ́. Ẹni tó kọsẹ̀ ń sọ ọ́, ẹni tí òjò pa ń sọ ọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ jẹ́ kí ìjà má sí. Ṣùgbọ́n lórí fọ́ọ̀mù yẹn, ó dà bíi pé Ọlọ́run wọ ilé ìtẹ̀wé wa láàárọ̀, ó sì ti ẹ̀rọ mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo rí i pé kò tọ́. Mo dìde, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Mo jáde.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọjá. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, mo wà ní ilé ìtẹ̀wé, mò ń fi ọwọ́ òsì gbálẹ̀, nítorí n kò lè jókòó sílé. Alága wọlé, ó ní òun ti ọ́físì lébọ̀ bọ̀.

"Àjọkẹ́, wọ́n ní bí wọ́n ṣe kọ ọ́ yẹn, bí ẹni tí àrá sán lù ló rí. Wọ́n ní kò fi hàn pé iṣẹ́ ló fà á. Fáìlì náà ń lọ sí Ìkẹjà lọ́la, ọjọ́ Ẹtì. Bó bá ti lọ báyìí, wọ́n á tì í pa. Kò sí ohun tí èmi lè ṣe sí i."

Oníbàárà wa kan wà níbẹ̀, obìnrin ará Èkìtì tó ń gbé ní Ìba, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì. Nítorí iṣẹ́ rẹ̀, Màmá Pẹ́ńṣọ̀n ni Músílíù sọ ọ́. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ta ló kọ Ọlọ́run sí fọ́ọ̀mù?"

"Èmi ni mo sọ ọ́, Mà."

"Kí ló dé?"

Mo wo ibi tí Bàbá Lẹ́tà wà láìmọ̀. Màmá Pẹ́ńṣọ̀n tẹ̀ lé ojú mi, ó rí Bàbá, ó rí irin tó fara ti ògiri. Kò béèrè mọ́. Ó fà mí jókòó sórí bébà tí wọ́n dì.

"Ọmọ mi, gbọ́ dáadáa. Òfin yìí kì í ṣe kóòtù. Kò béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ohun mẹ́ta ló ń béèrè. Ṣé òṣìṣẹ́ wọn ni ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ṣé o farapa?"

Mo wo ọwọ́ mi.

"Ṣé lẹ́nu iṣẹ́ ni?"

"Lẹ́nu iṣẹ́ ni, Mà."

"Ó parí. Dókítà á wọn bí ọwọ́ náà ṣe bàjẹ́ tó, á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á fi ìyẹn ṣírò tìrẹ. Oṣù tí o fi jókòó sílé náà wà nínú rẹ̀."

"Ṣùgbọ́n mo gbàgbé láti pa mọ́tò, Mà."

"Ta ni kì í gbàgbé? Nítorí ẹni tó ń gbàgbé ni wọ́n ṣe òfin. Bó bá jẹ́ pé o mọ̀ọ́mọ̀ fi ọwọ́ sí i ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀."

Alága ní, "Ṣé èmi kò ti ṣètọ́jú rẹ̀ ni, Màmá? Mo gbé ìrẹsì lọ."

"Ẹ ṣé, Alága. Ìrẹsì, àánú ni. Èyí, ẹ̀tọ́ ni. Àánú kì í jẹ́ orúkọ ẹ̀tọ́. Ọ̀rọ̀ irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn, ẹ̀yin tí ẹ ni ẹ̀rọ ni wọ́n á bá sọ ọ́. Kò ní dín ti ọmọ yìí kù."

Bàbá Lẹ́tà ti sún mọ́ wa láìjẹ́ kí a gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Àjọkẹ́, ṣé nítorí tèmi lo fi fi Ọlọ́run sí i?"

Omi ń bọ́ lójú mi.

"Ọlọ́run kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé yìí," ó ní. "Ọdún méjìlélógún ni mo ti lò níbí, n kò rí i kó wá gba owó oṣù rí. Èmi ni mo yọ Ìyá Ọkọ." Ó yíjú sí Alága. "Ẹ gbọ́ ọ o. Èmi ni."

Alága wo ilẹ̀. "Bàbá, èmi náà rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lójoojúmọ́. N kò sọ̀rọ̀."

Màmá Pẹ́ńṣọ̀n wá bi mí bóyá mo rí ohun tí akọ̀wé kọ.

"Mo kà á níwájú rẹ̀."

"O rí i, o dákẹ́?" Bàbá Lẹ́tà ló sọ ìyẹn. Ohùn kan náà ni, ti ọjọ́ oko rere. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ó fi ọwọ́ lé mi lórí. "Dín Ọlọ́run kù, Àjọkẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ wà lábẹ́ búlọ́ọ̀kù ẹnu ọ̀nà."

Kí n tó sọ ti ọjọ́ kejì, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ìyókù. Wọ́n san án. Ó pẹ́, ó sì gba pé kí n lọ fi ọwọ́ han dókítà kejì, ṣùgbọ́n wọ́n san án. Òun ni mo fi ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré tí mo ti ń di ìwé ní Igbó-Elérin. Bàbá Lẹ́tà kò kúrò níṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé Ìyá Ọkọ lọ sí Àlàbá, ó sì dè é padà. Mo bá wọn ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún sí i, mò ń fi àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín ṣa lẹ́tà, títí kọ̀ǹpútà fi dé. Kọ̀ǹpútà ní ọ tó pọ̀ bí iyanrìn. Alága ta lẹ́tà òjé fún àwọn tó ń yọ́ irin. Ní ọjọ́ tí wọ́n kó o lọ, Bàbá Lẹ́tà bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún mi. Nígbà tí mo tú ọwọ́ mi, ọ ni gbogbo wọn.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́, iṣẹ́ yòówù tí ẹ bá yàn, ó ní ẹnu. Àwọn baba ńlá wa kò ṣèèṣì pè é ní ẹnu iṣẹ́. Ó ń bọ́ ni, ó sì lè jẹ ni. Bó bá jẹ yín, ẹ sọ fún ọ̀gá yín lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n kọ kí ẹ tó dìde. Ìyá mi kò purọ́ pé ká pa ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kì í pa tirẹ̀ mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo gbé búlọ́ọ̀kù, mo mú kọ́kọ́rọ́, mo ṣílẹ̀kùn. Ìmọ́lẹ̀ kọ́bọ̀ àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀. Báńdéèjì ṣì wà lọ́wọ́ mi, n kò lè di bírò mú, mo sì mọ̀ pé bí mo bá dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé, ẹnu mi yóò tún kú. Mo di ojú, mo na ìka tó kù sínú àpótí, wọ́n sì mọ ọ̀nà. Mo to orúkọ mi. Mo tò pé òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé ni mí. Mo tò pé irin tó ń gbá ọwọ́ sẹ́yìn kò sí lójú ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, pé n kò sì pa mọ́tò. Ìlà tó gbẹ̀yìn kò gùn: Lẹ́nu iṣẹ́ ni mo wà. Mo fi yíǹkì ra á, mo tẹ́ bébà kan lé e, mo fi àtẹ́lẹwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́. Ẹyọ kan péré ni mo tẹ̀.

Nígbà tí mo dé ọ́físì lébọ̀, akọ̀wé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nu tábìlì rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo gbé bébà náà síwájú rẹ̀, mo yí i kí ó lè kọjú sí i. Yíǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ tán. Láti ibi tí mo jókòó sí, ìdojúdé ló wà, mo sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí àṣìtò kankan nínú rẹ̀.